Bí mo ṣe gba ìdí Mazda MX-5 sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyọ̀ nínú òjò

Ọkọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, irú kejì, èyí tó jáde ní 1998, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 1,000 kg. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, tèmi kò sì ní ẹ̀rọ kankan tó máa bá awakọ̀ dá sí i bí ìdí bá yọ̀. Lójú ọ̀nà gbígbẹ, ó gbọ́ràn dáadáa. Àmọ́ bí òjò Ìlú Ọba bá ti rin ọ̀dà, tí mo sì ń jáde kúrò ní ráúńdábáòtù ní jíà kejì, ìdí rẹ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí.

Àwọn èèyàn máa ń ní agbára ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láyé ọjọ́sí, ẹ̀yìn náà ló ń tì í, ó sì rin òjò púpọ̀: táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń la omi, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀, ó ń kìlọ̀ kó tó yọ̀. Lára tèmi, táyà ló kọ́kọ́ jẹ̀bi, aláímẹ̀ǹtì, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjú sí, tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ṣìkẹta. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn náà ni mo ṣe tún wọn ṣe.

Mo fi géèjì wọn jíjìn ilà táyà. Iwájú ní 6 mm, ẹ̀yìn ní 2.5 mm. Òfin ibí gba 1.6 mm, nítorí náà ọlọ́pàá kò ní rí nǹkan kan sọ, ṣùgbọ́n òjò kò mọ òfin. Inú ilà yẹn ni omi ń gbà jáde. Tí táyà iwájú bá di ọ̀nà mú tí ti ẹ̀yìn sì ń yọ̀, orí á dúró, ìdí á máa lọ, ọkọ̀ á yí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí táyà méjì péré lẹ bá lówó rẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi tuntun síwájú torí pé iwájú ni sítíárìn ń yí. Àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára táyà. Ti ẹ̀yìn tèmi jẹ́ 0811, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Kódà bí ilà rẹ̀ bá ṣì jìn, kò ní lè rọ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá owó.

Mo ra mẹ́rin irú kan náà, 195/50R15. Ara táyà tuntun máa ń yọ̀ fúngbà díẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dì, torí náà pẹ̀lẹ́ ni mo fi wa 100 máìlì àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá kù. 26 psi ni Mazda kọ, nígbà tí táyà bá tutù. Ẹni tó fọn tèmi tẹ́lẹ̀ ti fọn ọ́n dé 34, bíi ti ọkọ̀ tó wúwo. Ọkọ̀ fífúyẹ́ báyìí kò lè tẹ irú táyà bẹ́ẹ̀ wọlẹ̀, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ẹ̀ ń dín in kù títí. Ìṣirò kan wà tó ti ọ̀dọ̀ NASA, iléeṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, wá, tó ń sọ ìwọ̀n eré tí táyà fi ń gorí omi tó ti bo ilà rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye psi ni yóò jáde. Ẹ wá sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú 10.35. Fún 26 psi, ó tó máìlì 53 ní wákàtí. Bí afẹ́fẹ́ bá jò dé 20, ó di máìlì 46. Máìlì méje lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàkíyèsí.

Aláímẹ̀ǹtì ló gba àkókò jù. Ẹ̀rọ fi hàn pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì kọjú síta. Ńṣe ló yẹ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kọjú sínú díẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń yà sọ́tún, ẹsẹ̀ òsì yẹn ni ìwúwo ọkọ̀ ń wọ̀ lórí, tó bá wá kọjú síta, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ìdí ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bóòtù mẹ́rin tí wọ́n fi ń yí i ti dì mọ́ inú bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà oníhò onírin tí bóòtù ń gbà kọjá. Àrùn MX-5 nìyẹn níbí, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ló ń fà á. Mo fín òróró ajẹpata sí i ní alẹ́ mẹ́ta. Méjì gbọ́, méjì kọ̀ jálẹ̀. Mo sàmì sí ibi tí orí bóòtù kọjú sí, mo fi ayùn oníná gé e lápá méjèèjì bọ́ṣì, mo ra bóòtù àti bọ́ṣì tuntun, mo sì fi gírísì onídẹ pa bóòtù lára kó má bàa dì mọ́. Kí ẹ tó gbà kí wọ́n sètò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó wúwo tó yín jókòó níbi awakọ̀, kí epo sì wà ní ìdajì táǹkì. Bí ọkọ̀ ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi àpapọ̀ ìkọjúsínú ẹ̀yìn sí 2 mm sí 3 mm.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi fúnra mi ló wá kù. Mo gba àyè ní pápá ìyọ̀, ilẹ̀ dídán tí wọ́n ń da omi sí, níbi tí kò sí ohun tí ọkọ̀ lè kọlù. Ní 20 máìlì ní wákàtí, jíà kejì, mo ń yí po, mo ṣàdédé gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná. Ìwúwo ọkọ̀ fò síwájú, ẹ̀yìn fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan padà bíi bíréèkì. Ìdí lọ. Ìbẹ̀rù gan-an ló sì máa ń jẹ́ kí èèyàn gbẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín kọ́nà.

Ohun tí mo ṣe rèé: mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, n kò fọwọ́ kan bíréèkì, mo wo ibi tí mo fẹ́ lọ, mo yí sítíárìn sí ìhà tí ìdí ń lọ. Ìyẹn kò ṣòro. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìyọ̀ kejì. Bí ìdí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà, sítíárìn gbọ́dọ̀ ti tọ́ kó tó dé àárín. Tí ọwọ́ bá pẹ́, sípíríǹgì tó ti sún pọ̀ á ta ọkọ̀ sí ìhà kejì, eré ìyẹn sì máa ń ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ju mi yí kó tó yé mi pé kì í ṣe ọwọ́ ni yóò dá a padà. Sítíárìn fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ yí, mo kàn ní láti jẹ́ kó yọ́ kọjá láàárín ìka mi, kí n tún dì í mú níbi tó ti tọ́. Ìdí mi lórí àga ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ojú kì í tètè rí i.

Tó bá jẹ́ iná tí mo tẹ̀ jù ló fa ìyọ̀, mo kàn ń dín iná kù dé ìdajì, n kì í yọ ẹsẹ̀ tán. Tí ọkọ̀ bá ti kọ ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ẹsẹ̀ méjèèjì wọlẹ̀: bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, kí táyà má bàa ṣàdédé di ọ̀nà mú kó sì gbé mi wọ ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀.

Ní títì báyìí, jíà kẹta ni mo fi ń jáde ní ráúńdábáòtù nígbà òjò, mo sì ń dúró kí sítíárìn tọ́ kí n tó tẹná. N kì í já jíà láàárín kọ́nà. Mo ń ṣọ́ ọ̀dà funfun, ìdérí kòtò onírin, àti díísù tó máa ń dà sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ti ń yí po. Tí mo bá wọ adágún omi, òṣùwọ̀n ìyípo ẹ́ńjìnnì ni mò ń wò. Tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá fò sókè láìjẹ́ pé mo tẹná, omi ti gbé ẹ̀yìn nìyẹn. Mo di sítíárìn mú gbọọrọ, mo rọra ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́rẹ́ á fi sọ̀kalẹ̀.