Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Oníbàárà fún Iṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní Ìbàdàn

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń sanwó kọ́ ni ẹni tí ẹ ń tọ́jú, ẹni tó máa ní kí ẹ wọlé tàbí kí ẹ má wọlé sì lè má sí lára àwọn méjèèjì. Màmá wà ní Òkè-Àdó, ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ wà ní Houston, àbúrò màmá tó ń gbé ní Mọ́níyà ló máa sọ pé, "Ẹ má kó ará ìta wọ ilé wa o." Ìpolówó tó bá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí yẹn ló máa kú sí. Torí náà, kí ẹ tó tẹ ìwé ìpolówó kankan, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ máa ń dí mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́, ìtìjú ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ̀rù sì ń ba ọmọ pé wọ́n á ní òun ti gbé ìyá òun jù sílẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ilé tí ẹ ń kó àgbàlagbà sí, ẹ má kọ "ilé arúgbó" sára pátákó yín. Ẹ kọ ọ́ pé inú ilé wọn lẹ máa bá wọn, lórí ibùsùn tiwọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn. Kí ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ náà: wíwẹ̀, oúnjẹ, lílo oògùn lásìkò, wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, bíbá wọn lọ sí ọsibítù. "A ń tọ́jú àwọn àgbà" lásán kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà ìtọ̀, abẹ́rẹ́ tàbí egbò, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ rán, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìpolówó. Ẹ má ṣèlérí ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ lágbára ju pátákó àti rédíò lọ. Ẹni méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àgbàlagbà fúnra rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kí, lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, kí ẹ tó yíjú sí àwọn ọmọ. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní gbà fún yín láéláé. Ẹ wo ọ̀nà láti ibùsùn dé ilé ìwẹ̀: ṣé iná wà lóru, ṣé kápẹ́ẹ̀tì ń ká, ṣé ibì kan wà tí wọ́n lè dì mú bí wọ́n bá ń dìde? Ẹ fi oògùn tó wà nínú ọ̀rá wé ìwé dókítà. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í dìde, ẹ tọrọ àyè kí ẹ wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò ti ń yọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ tó sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ dábàá. Ìwé yẹn ni ọmọ máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ gba owó ọkọ̀ díẹ̀ fún ìbẹ̀wò náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù àkọ́kọ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni yóò máa gbé yín dé Akóbọ̀ lọ bá ẹni tó kàn ń béèrè.

Ìgbà tí ọsibítù bá dá àgbàlagbà sílẹ̀ ni ìdílé máa ń wá ìrànwọ́ jù. UCH ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà láti 2012. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ náà wà nílùú. Pípín ìwé lẹ́nu géètì kò wúlò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, kí ẹ so ojú ìwé kan mọ́ ọn tó sọ ohun tí ẹ ń ṣe àti ohun tí ẹ kì í ṣe. Ẹ má fún òṣìṣẹ́ ọsibítù kankan lówó lórí oníbàárà tó bá darí sí yín: ọjọ́ tí ìdílé bá gbọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní sọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìntì, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 láti sọ̀rọ̀ nípa bí àgbàlagbà ṣe ń ṣubú nínú ilé, kí ẹ sì bá wọn wọn ìfúnpá. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé 180/120, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá wálẹ̀, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe ìpolówó.

Fún àwọn tó wà lókè òkun, ẹ forúkọ sórí Google lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wá yín. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Houston jẹ́ aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin òru níbí, nítorí náà kí WhatsApp yín máa dáhùn fúnra rẹ̀, kó sọ aago tí ẹ máa pè padà. Ẹ fi àpẹẹrẹ ìròyìn ojoojúmọ́ hàn wọ́n: "Aago 8: ìfúnpá 138/84. Wọ́n mu ògì, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín kan. Wọ́n ti lo oògùn àárọ̀. Wọ́n rìn dé fàráńdà." Èyí ń tà ju fọ́tò lọ. Fọ́tò àgbàlagbà lórí ibùsùn àìsàn kò yẹ lórí Facebook. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi.

Lórí owó, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n máa fi yín wé. Ẹ pín iye náà sí mẹ́ta: ọ̀sán wákàtí 12, òru, àti ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa bọ́ òṣìṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, àti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ bó bá ṣàìsàn. Kó wà nínú àdéhùn pé ìdílé kò gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn yín; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe ń pàdánù oníbàárà àti òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà Kérésì àti Iléyá làwọn ọmọ ń wálé, tí wọ́n ń fojú ara wọn rí i pé Màmá ti ń gbàgbé iná lórí gáàsì. Fún ti Kérésì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpolówó rédíò ní oṣù kọkànlá, lórí ètò Yorùbá àárọ̀, kí ẹ sì fi àyè ìbẹ̀wò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ìparí ọdún. Ẹ bi gbogbo ẹni tó bá pè pé, "Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí kò bá mú ẹnikẹ́ni wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ dá owó rẹ̀ dúró.