Bí A Ṣe Ń Ya Iṣẹ́ Òòjọ́: Èéfín Ìdí Ààrò Gàrí

Ẹni tó bá fẹ́ ya ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní ìlú bíi Kàbbà, Ìsánlú tàbí Ògìdì ní ilẹ̀ Òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun kan ṣoṣo tó fa òun mọ́ra níbẹ̀, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá tó ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kí wọn ní "Òkun o", bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ara wọn, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó yọ ìwé jáde. Ẹ jókòó, ẹ wò wọ́n dáadáa láìfa ìlà kankan: bí àkúfọ́ igbá ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú agbada, bí wọ́n ṣe ń yí ojú kúrò fún ooru. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí gbólóhùn kan. Èmi a máa kọ ọ́ pé: "Èéfín bo ilé, ọwọ́ kò sinmi." Ohunkóhun tí kò bá ti gbólóhùn náà lẹ́yìn, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́ tó rẹwà, kò gbọdọ̀ wọ inú àwòrán.

Ẹ wá ya àwòrán kékeré mélòó kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ ṣe ojú bí ẹni fẹ́ pa á dé, kí ẹ lè mọ ibi tó dúdú, ibi tó mọ́lẹ̀ àti èyí tó wà láàárín. Fóònù wúlò fún ìrántí, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń sọ òjìji di dúdú kirikiri, bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí àwọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀dà pupa rúsúrúsú, irú àwọ̀ ilẹ̀ tiwa, kun gbogbo kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí a ń ya àwòrán sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Tó bá gbẹ, ẹ gbé àwọn ibi tó dúdú kalẹ̀.

Èéfín ló gba sùúrù jù, torí pé àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Níbi tó bá ti wà níwájú páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, ó máa ń fẹ́ jọ aró. Bó bá sì bọ́ síta tí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀dà funfun lásán yà á. Ẹ po búlúù mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ àti funfun díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ pa á léraléra, kí etí rẹ̀ má bàa mú. Níbi tó bá ti kọjá lára apá ìyá yẹn, ẹ jẹ́ kí apá náà pòórá díẹ̀, àmọ́ kí ọwọ́ tó di igbá mú hàn kedere. Imú àti ẹnu kò pọn dandan. Ìdúró ara ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Òkè tó wà lókèèrè kò gbà ju búlúù tó ṣá díẹ̀ lọ, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Bí ẹ bá ń lo ọ̀dà acrylic, ìyẹn ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ẹ rántí pé ó máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ. Ẹ pò ó kó mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Àwọ̀ gàrí tí a fi epo sí ni kí ẹ fi kẹ́yìn, nínú agbada nìkan, kó má sì sí ibòmíràn nínú àwòrán tí àwọ̀ ìyeyè yóò ti tàn tó bẹ́ẹ̀.