Bí Wọ́n Bá Yọ Yín Nípò Nínú Ìjọ, Ẹ Ṣe Báyìí

Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé wọn fún wọn. Kí ẹ tó gbààwẹ̀, kí ẹ tó gun orí òkè lọ gbàdúrà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù pé kó wá gbọ́ ohun tí ojú yín rí, ẹ kó kọ́kọ́rọ́, ìwé owó àti gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ jáde nílé yín.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn, mo sì ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa fún ọdún púpọ̀. Ní ìpàdé ọjọ́ kan, ẹnìkan dìde, ó ní owó ìkórè kò pé. Kò sẹ́ni tó ní kí n mú ìwé wá. Kí ìpàdé ọ̀hún tó túká, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò. N kò ní dárúkọ ìjọ, n kò sì ní dárúkọ èèyàn, torí mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí máa ń yà sí ìsọ̀ mi: ẹni tó jẹ́ olórí akọrin tẹ́lẹ̀, olùkọ́ àwọn ọmọdé, àní ìyàwó àlùfáà kan pàápàá. "Màmá, báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ ṣì fi ń lọ?" Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí. Ìdáríjì tí èmi mọ̀ kì í dúró de ìgbà tí inú bá rọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkàn á máa bọ̀ lẹ́yìn, nígbà mìíràn á pẹ́ kó tó dé.

Ìwé àti kọ́kọ́rọ́

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín sí i: ìwé rìsíìtì tó kù, ìwé báńkì, owó tó wà nílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kúlà, àwọn ìkòkò tí ẹgbẹ́ fi ń dáná àsè, aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ kò tíì tà tán. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Kí ẹni tó fẹ́ gbà á fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i fún wọn, kí òmíràn fọwọ́ sí i fún yín. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Bí orúkọ yín bá wà lára àwọn tó ń gba owó ẹgbẹ́ ní báńkì, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, bí báńkì bá sì ní kí ẹ yọjú, ẹ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìwé fífọwọ́sí yẹn jọ ìjà. Kì í ṣe ìjà. Wòlíì Sámúẹ́lì ṣe é. Ẹ ka ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, láti orí kẹjọ. Àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì wá bá a ní Rámà, wọ́n ní ó ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì rìn bíi tirẹ̀, kó fi ọba jẹ fún àwọn bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé kì í ṣe Sámúẹ́lì ni wọ́n kọ̀, Ọlọ́run ni wọ́n kọ̀. Nígbà tó di orí kejìlá, tó fẹ́ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó bi wọ́n pé: màlúù ta ni mo gbà? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni mo gbà? Ta ni mo rẹ́ jẹ? Ọwọ́ ta ni mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Wọ́n ní kò sí. Ó ní kí Olúwa àti ọba tuntun ṣẹlẹ́rìí. Ìgbà tí ìṣirò yẹn parí ló tó sọ, ní ẹsẹ kẹtalélógún, pé kí a má rí i pé òun ṣẹ̀ sí Olúwa nípa dídẹ́kun àdúrà fún wọn.

Ẹ sì ṣàkíyèsí ohun kan tí wọn kì í fẹ́ sọ tí wọ́n bá ń wàásù nípa Sámúẹ́lì. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Orí kan náà sọ pé wọ́n ń gba rìbá. Nítorí náà, bí òótọ́ díẹ̀ bá wà nínú ohun tí àwọn tó yọ yín sọ, ẹ gbà á, ẹ tún un ṣe, kó má di pé ẹ ń fi ìwà àìdáa tí wọ́n hù bo tiyín mọ́lẹ̀.

Ní ti fóònù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ má jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp lóru. Bí ẹ óò bá kúrò, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán, kí ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣe voice note rárá. Èyí tí ẹ bá fi ẹkún ṣe lálẹ́ Sátidé, kí agogo ìsìn tó lù, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti gbọ́ ọ. Ẹ wá ẹnìkan ṣoṣo tí kì í ṣe ara ìjọ yẹn, tí kì í sọ̀rọ̀ ká, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ mi fẹ́ lọ bá wọn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kó bá mi gbé ìkòkò wọn sínú ọkọ̀ ná.

Gbèsè náà

Oníṣòwò ni mí, n kò lè ṣàlàyé ìdáríjì láìmú ìwé àwìn jáde, Jésù náà sì fi gbèsè ṣàlàyé rẹ̀ ní Mátíù orí kejìdínlógún. Ẹrú kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì, ọba fi jì í. Ó jáde, ó rí ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ ní 100 dínárì, ó fún un lọ́rùn. Wọ́n máa ń sọ fún wa ní ìjọ pé owó kékeré ni 100 dínárì yẹn. Kò kéré o. Ní Mátíù orí ogún, dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nínú ọgbà àjàrà. Owó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni ẹrú yẹn jẹ. Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà bóyá ìyẹn kéré. Bí ó ti wù kó pọ̀ tó, tálẹ́ńtì kan ṣoṣo tó nǹkan bíi 6,000 dínárì, 10,000 tálẹ́ńtì sì ni wọ́n ti fi ji ẹni tó ń fúnni lọ́rùn. Jésù kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò tó nǹkan. Ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí Ọlọ́run ti fi jì yín ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi jì wọ́n, ẹ kọ iye tí wọ́n jẹ yín. Ẹ má kọ pé "wọ́n ba ayé mi jẹ́." Gbèsè tí kò ní iye, ta ló lè fa ìlà sí i? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: "Lágbájá sọ ní ìpàdé pé mo jẹ owó ìkórè, kò sì yẹ ìwé wò. Tàmẹ̀dù mọ̀ pé irọ́ ni, ó bojú wolẹ̀." Ní tèmi, àwọn tó dákẹ́ dùn mí ju ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ, torí a ti jọ jẹun rí. Ẹ kọ tiwọn náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dárúkọ ẹni náà síta nínú àdúrà, "Olúwa, mo fi èyí ji Lágbájá," kí ẹ sì fa ìlà sí i. Ẹ ṣe é nínú yàrá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Bí ẹkún bá dé, ẹ sun ún. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ dáná sun bébà náà kí àwọn ọmọ má bàa rí i kà.

Á padà wá. Ẹ ó máa fọ àwo, ẹ ó máa ka owó, ọ̀rọ̀ tí Lágbájá sọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí yín bíi pé àná ni. Ẹ má rò pé ìdáríjì ti ìjọ́sí kò mú. Ẹ tún fa ìlà sí i. Pétérù rò pé ìgbà méje tó, Jésù ní títí dé àádọ́rin ìgbà méje. Èrò tèmi ni pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lè gba gbogbo iye yẹn tán, nítorí kì í tètè kú.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí mo bá fi gbèsè ji oníbàárà, n kì í tún ta àwìn fún un lọ́jọ́ kejì. Ìdáríjì kò ní kí ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún ẹni tó jí owó. Kò ní kí obìnrin padà sílé ọkọ tó ń lù ú. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan ọmọdé nínú ìjọ, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lẹ ó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí àlùfáà bá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì wọ́n kí ẹ sì bò ó. Èyí tí mò ń sọ níbí jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ̀, tí wọ́n parọ́ mọ́, tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e

Ẹ lọ. Aṣọ tí ẹ máa ń wọ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ dúdú, ẹ má sì wọ léèsì olówó ńlá láti fi hàn pé kò dùn yín. Ẹ má jókòó síbi tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ ń jókòó, ẹ má sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn òpó. Ẹ wá àárín.

Iṣẹ́ tó le jù ni kíkí. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó bá ẹnìkejì yodì ti kéde ogun, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Nítorí náà, ẹ má yodì. Bí ẹni náà bá jù yín lọ, ẹ kúnlẹ̀, tí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe. "Ẹ kú ìjọ́sìn, mà." Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi "ẹ kú iṣẹ́ o" kún un, wọ́n á ní èébú ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èébú lóòótọ́. Bí kò bá dáhùn, ẹ ti kí i. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún kí i. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù ní orí kejìlá pé bí ó bá lè ṣe é ṣe, níwọ̀n bí ó ti wà ní ipá wọn, kí wọ́n máa bá gbogbo ènìyàn gbé ní àlàáfíà. Ipá yín mọ ní kíkí. Dídáhùn jẹ́ ti ẹni tí ẹ kí.

Kí ẹ tó lọ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ yín lóun nìkan, bí Mátíù orí kejìdínlógún ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún ti wí. Èmi lọ ní ìrọ̀lẹ́, mo mú ìwé owó dání, mo fi hàn án lójú ewé lójú ewé. Ó ní òun ti gbọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Mo mu omi tó gbé fún mi, mo sì lọ sílé.

Dídúró àti lílọ

Bó bá ń ṣe mí bíi pé tèmi ló burú jù láyé, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mo máa ń rántí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ó di ẹni òmìnira ní Freetown, ó di àlùfáà, ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ ẹ́. Bíbélì Yorùbá tó wà lórí tábìlì mi, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 1890, ní Oníṣà, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó jẹ́ ọmọ ọmọ lójú rẹ̀ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró, títí kan Dandeson ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ Áṣídíákónì. Baba ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò dákẹ́ o. Ó gbèjà àwọn èèyàn rẹ̀, nígbà tí wọn kò gbọ́, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀. Orí oyè Bíṣọ́ọ̀bù ló wà títí tó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ní 1891 yẹn náà, àwọn kan ní Èkó jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n dá United Native African Church sílẹ̀. Ọdún 1901 ni àwọn mìíràn tún jáde, ìyẹn sì di African Church. N kò lè pe àwọn yẹn ní aláìgbọràn. Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìlú tí kò bá gbà wọ́n, kí wọ́n gbọn eruku ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Jákọ́bù àti Jòhánù ní kí iná bọ́ láti ọ̀run sórí abúlé àwọn ará Samáríà tí kò gbà wọ́n, ó bá wọn wí, wọ́n sì kọjá lọ sí abúlé mìíràn. Bí ẹ bá gbàdúrà tí ẹ sì rí i pé lílọ ló kàn, ẹ lọ. Kí ọwọ́ yín mọ́ nídìí owó, kí ẹ dágbére fún àlùfáà lójúkojú, kí ẹ má sì fa ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé yín.

Bí ẹ bá dúró, ẹ wá iṣẹ́ tí kò ní oyè. Èmi ń lọ wo àwọn ìyá àgbà tí kò lè wá sílé ìjọ mọ́. Mo máa ń ka Sáàmù fún wọn, mo máa ń bá wọn rẹ́ èékánná ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dìbò fún ìyẹn.

Ẹni tó gbapò mi wá sí ìsọ̀ mi nígbà tí ó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀, ó wá aṣọ ẹbí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wojú mi. Mo bá a dárò, mo ta ọ̀pá aṣọ fún un ní iye tí mò ń tà á fún gbogbo ayé, n kò fi kọ́bọ̀ lé e, n kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò. Ó béèrè bóyá òun lè san ìyókù tó bá yá. Mo ní n kò ta àwìn mọ́. Mo sì lọ síbi ìsìnkú náà, mo wọ aṣọ ẹbí náà, mo jẹ ìrẹsì.

Bí wọ́n bá wá bẹ̀ yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ padà sípò, ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lórí ìdúró. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka owó tó wà nílẹ̀ lójú yín, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i.