Bí Owó Ọjọ́ Méjì Mi Ṣe Padà

Nígbà tí mo rí ìwé owó oṣù mi, mo nu ojú, mo tún un wò. Wọ́n ti yọ owó ọjọ́ méjì: wọ́n ní mo daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi tí mo jókòó ti ọmọ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ méjèèjì, tí ọ̀gá sì fọwọ́ sí ìwé àyè mi!

Mo ti gun alùpùpù kí n lọ bá wọn fà á. Màmá Délégé, aṣojú ẹgbẹ́ olùkọ́ wa ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ló dá mi dúró. “Tíṣà, ariwo ò ní òǹtẹ̀. Lọ kọ ìwé.”

Ẹ̀tọ́ ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ nínú òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ wa ti 1990. Òfin 2018 ló dín in kù sí ọjọ́ 2 lóṣù, 10 lọ́dún. Ẹni tí kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ méjì tí àwọn kan daṣẹ́ sílẹ̀ yẹn, wọ́n kàn kó gbogbo wọn pọ̀ ni.

Màmá là á yé mi. Láti ọjọ́ tí ìpinnu bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ní oṣù 2 láti kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, tàbí sí ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́ fún oṣù 2, òfin ka ìdákẹ́ náà sí “rárá”, oṣù 2 mìíràn ló sì kù láti dé ilé ẹjọ́. Ọjọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ. Màmá fi bírò pupa pa á, ó ku ẹyọ kan: nọ́ḿbà iṣẹ́ mi, iye tí wọ́n yọ, ìdí tí kò fi tọ́, ohun tí mo fẹ́. Ẹ̀dà ìwé àyè àti ti ilé ìwòsàn tẹ̀lé e. Ojúlówó ò kúrò lọ́wọ́ mi.

Ní bùrò, ọ́fíìsì wọn, akọ̀wé ní, “Ẹ fi síbẹ̀.” Mo na ẹ̀dà tèmi sí i, mo ní kó lu òǹtẹ̀. Tìmùtìmù òǹtẹ̀ ti gbẹ. Ó kán omi sí i láti inú ọ̀rá, èyí tó tẹ̀ kò hàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un tẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i. Ó pòṣé gan-an.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n pè mí pé kí n mú ojúlówó wá fún wọn wò. Owó náà bá owó oṣù tó tẹ̀lé e wọlé, láìsí lẹ́tà kankan.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n yọ tiẹ̀ náà, tó ti lọ pariwo níbẹ̀, wá yá ìwé mi lánàá kó fi ṣe àwòkọ. A jọ ka kàlẹ́ńdà: ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.