Bí mo ṣe fi Python kọ àkáǹtì fún alájọ

Àǹtí mi tó ń gba àjọ lọ́jà n'Íkẹ̀rẹ́ ló ní kí n bá òun wá nǹkan tí òun á fi máa ṣírò owó àwọn èèyàn òun, Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi ṣe é.

Class kan, ìyẹn àwòṣe, ni mo kọ́kọ́ kọ, mo pè é ní Akanti. Class yẹn ò tíì ní owó ẹnikẹ́ni nínú o, bíi káàdì àjọ tí wọn ò tíì kọ orúkọ sí ló rí, ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un lórúkọ àti nọ́ńbà ló tó di object, ìyá eléwédú á ní tiẹ̀, bàbá oníṣu á ní tiẹ̀, owó wọn ò sì ní dà pọ̀ mọ́ra wọn láé.

Ẹ jọ̀ọ́, string, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Python kàn ń kọ sílẹ̀ bó ṣe rí, ni kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ṣe. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni àkáǹtì báńkì máa ń ní ní Nàìjíríà, òmíì sì máa ń fi òdo bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di int, ìyẹn òǹkà odidi, òdo yẹn ti lọ nìyẹn, ó ku 9. Owó ńkọ́? Kọ́bọ̀ ni mo fi ń kà á, kó lè jẹ́ òǹkà odidi, torí tẹ́ ẹ bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa gbé jáde, a ò sì lè fìyẹn ka owó olówó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni deposit tó ń fi owó sí i àti withdraw tó ń yọ owó, torí àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan báláǹsì. Mo kọ ọ́ sínú withdraw pé `if iye > self._balansi: raise ValueError`, ìyẹn ni pé tí iye tẹ́nì kan fẹ́ gbà bá ju owó tó ní lọ, kó kọ̀ ọ́, kówó tó kúrò rárá. Underscore (àmì _) tó wà níwájú _balansi yẹn, Python ò ní torí ẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró láti fọwọ́ kàn án tààrà, àdéhùn ni láàárín àwa tá à ń kọ kóòdù, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Mo wá kọ class kejì, AkantiAjo(Akanti), gbogbo ohun tí Akanti mọ̀ ló jogún, mo kàn fi owó alájọ kún un, ìyẹn owó ọjọ́ kan lóṣù. Ẹni tó ń dá 500 náírà fún ọjọ́ 30, 15,000 ló dá, 14,500 ló máa kó. Àǹtí mi fi wé káàdì ọwọ́ wọn, ó bára mu. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kówó kóṣù tó parí ńkọ́, òun náà á san owó alájọ pé, ìyẹn ni mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí.