Ètò àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ wa, àti ọjọ́ ìbí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

₦28,574. Iye tí wọ́n ń gbà nìyẹn láti yí ọjọ́ ìbí padà lórí NIN, láti ìgbà tí wọ́n ti fi owó kún un ní 2025. ₦16,340 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ lè máa bi mí pé kí ló kan olùkọ́ ìṣirò tí wọ́n ní kó kọ ètò àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn fún odindi táàmù kan. Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wa lórí bí a ṣe ń kọ ètò yìí, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni tiwa, JSS, ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn, èmi sì ni igbákejì ọ̀gá. Òfin UBE ti 2004 ló sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti dandan, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Nígbà tó di 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tó ń pinnu ètò ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè yìí ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba máa ní SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú àti olùkọ́ jọ fi ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́. Aṣojú ọba wà níbẹ̀, aṣojú òbí, ti àwọn ọlọ́jà, ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, títí dé orí hẹ́ẹ̀dì bọ́ì àti hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni akọ̀wé. Àwọn ló ń jókòó sọ ohun tó bàjẹ́, èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe, iye tí yóò ná wọn, àti ẹni tí yóò ṣe é. Bí a ṣe pe ìpàdé àti bí a ṣe yan alága, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Ẹni tó bá ti ṣe ìpàdé àdúgbò rí ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀ kí n tó bínú. Nínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ ètò náà, wọ́n bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ fi ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ìdáhùn tí mo bá nínú ti ọdún tó kọjá, èyí tí wọ́n dà kọ láti inú ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ni pé àwọn òbí kò bìkítà. Inú bí mi. Mo kó rẹ́jísítà JSS2 lọ sílé, mo sì fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ tí kíláàsì dá páropáro. Lójú lásán, kò létò kankan: Ajé àti Ẹtì ní ọ̀sẹ̀ kan, Ìṣẹ́gun ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ọjọ́rú ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Àfi ìgbà tí ìyàwó mi wo ìwé náà lẹ́yìn mi, tó ní, "Ṣé ọjọ́ ọjà lẹ̀ ń yí yìí ni?"

Ọjà ọrọọrún ni tiwa. Bó bá bọ́ sí Ajé, Ẹtì ni òmíràn, lẹ́yìn rẹ̀ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn rẹ̀ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó tún padà sí Ajé. Rẹ́jísítà ń ka ọ̀sẹ̀, ọjà ń ka ti ẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn ṣe pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò fi rí i, tí wọ́n ń sọ pé àwọn òbí kò bìkítà. Mo lẹ rẹ́jísítà náà mọ́ ètò wa, pẹ̀lú gbogbo àmì pupa rẹ̀. Títí di òní, mi ò tíì rí ètò ilé ẹ̀kọ́ míì ní agbègbè wa tó ní ohun tó jọ ọ́, bí wọ́n bá sì ní agbéraga ni mí, kò burú.

Ṣùgbọ́n rírí i kò tán an. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ọlọ́jà má lọ sọ́jà kò tíì gbé Òkè-Ògùn rí. Ohun tí a kọ sínú ètò ni pé kí ọmọ bá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù dé ìsọ̀, kó sì padà wá sílé ìwé, kí àwa náà má ṣe ìdánwò kankan lọ́jọ́ ọjà. Ta ni yóò wá sọ fún àwọn ọlọ́jà? Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni. Òun ni aṣojú wọn, òun náà ni a sì fi ṣe akápò. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi." Ó gba ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tí kò bá gbà, ó jókòó sórí àpótí onítọ̀hún títí yóò fi gbà. Kí owó ìjọba kankan tó dé, JSS2 ti ń kún lọ́jọ́ ọjà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ìyá yìí kan náà ni báńkì ní ká lọ pààrọ̀.

Ibi tí ìpàdé ti gbóná ni orí ohun tí a ó kọ́kọ́ fi owó ìrànwọ́ ìjọba ṣe. Bàbá alága fẹ́ ọgbà. Gbogbo àwọn ọkùnrin fẹ́ ọgbà, torí pé ọgbà hàn dé títì, èèyàn sì lè kọ orúkọ sí i lára. Hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní kí àwọn bàbá òun má bínú, ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn kò ṣe é tì láti inú. Ẹnì kan ní láti dúró síta kó máa bá ẹnì kejì dì í mú. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù, ilé ló ń jókòó sí.

Bàbá alága ní, "A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní, "Ẹ bèèrè ni?"

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin di ìkíní, ọgbà di ìkẹta. Kíkọ ètò náà fúnra rẹ̀ kò le lẹ́yìn ìyẹn. Bíríkìlà ka búlọ́ọ̀kù, kápẹ́ńtà wọn ilẹ̀kùn, mo ro owó, wọ́n fọwọ́ sí i.

Wàyí o, báńkì.

Owó ìrànwọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ìgbìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ̀, alága, akọ̀wé àti akápò ni yóò sì jọ máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Mo fara mọ́ ìyẹn, torí mo mọ ibi tí owó ilé ẹ̀kọ́ ń gbà lọ tí kì í padà. A kó ohun tí wọ́n bèèrè jọ: àkọsílẹ̀ ìpàdé tó dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́tà láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, fọ́tò pélébé, NIN, BVN, ìwé iná, àti oníduùró méjì tó ní kọ́rẹ́ǹtì àkáǹtì. Nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń lo àkáǹtì àfipamọ́, ọdẹ ni mo di kí n tó rí oníduùró méjì yẹn. Oníkẹ́míìsì ni ọ̀kan, ẹni tó ń ra kajú ni èkejì, kò sì sí èyí tó fọwọ́ sí i láìkọ́kọ́ bi mí bóyá wọn kò ní wá gbé òun bí a bá kó owó jẹ.

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wá gbójú sókè. "Màmá, ọjọ́ ìbí yín kò bára mu."

Bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ lọ ṣe BVN, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó mọ̀wé tẹ̀ lé e lọ, ìyẹn sì mú Bíbélì tí bàbá wọn ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sẹ́yìn rẹ̀ dání. Ọjọ́ gidi ló wà lórí BVN. Nígbà NIN, òun nìkan ló dá tò nínú oòrùn. Wọ́n bi í lọ́jọ́ ìbí, ó ní àsìkò ìkórè iṣu ni, ó sì dárúkọ ọdún. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò ní àyè ìkórè iṣu nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bá fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i. Ẹ lọ wo sílíìpù NIN àwọn àgbàlagbà ilé yín, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó tí wọ́n "bí" lọ́jọ́ ọdún tuntun.

Wọ́n ní ká lọ tún NIN ṣe. Ibẹ̀ ni ₦28,574 ti wọlé, yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka èèyàn. Ta ni yóò san án? A kò lè yọ ọ́ nínú owó tí a kò tíì ní àkáǹtì tí a ó fi gbà á. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní òun kọ́ lòun kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, kí ẹni tó kọ ọ́ wá san án. Mo wá èsì tí mo lè fún un, mi ò rí.

Bàbá alága ní ká kúkú yan akápò mìíràn, ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́. Ó dárúkọ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi àti wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ó lọ sọ fún un pé a ti yọ ọ́? Ẹ̀yin náà lẹ ó sì máa lọ jókòó sórí àpótí àwọn ọlọ́jà?" Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí akápò bá yí padà, àkọsílẹ̀ ìpàdé yóò yí padà, lẹ́tà ọ́fíìsì náà yóò sì yí padà, ẹni tó sì ń fọwọ́ sí lẹ́tà ti lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí yóò parí. Mo ń gun ọ̀kadà lọ báńkì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Mo tún lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ọmọbìnrin yẹn kò sí. Ẹlòmíì bá mi wò ó, ó ní ọjọ́ ìbí kò bára mu, bí ẹni tó ń sọ ìròyìn tuntun fún mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé sìmẹ́ńtì kò dúró dè wá. Bíríkìlà ní owó tí òun dá nígbà yẹn ti di ìtàn. Mo ní láti tún ojú ìwé ìṣirò owó kọ láti òkè délẹ̀, kí gbogbo wọn sì tún fọwọ́ sí i, ẹni méjì nínú wọn sì rò pé mo fẹ́ fi owó kún un fún ara mi. Èmi tí mo ń fi owó àpò mi gun ọ̀kadà!

Kì í ṣe báńkì tí a ń bá fà á ló tú u. Báńkì tí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fúnra rẹ̀ ń lò ni. Ó lọ gba owó níbẹ̀, ó sì ń ráhùn sókè, ni ọ̀dọ́kùnrin kan bi í pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò yí BVN kó bá NIN mu?" Fọ́ọ̀mù kan ni, pẹ̀lú sílíìpù NIN, báńkì ló ń ṣe é, kò sì sí ₦28,574 nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn yí ọjọ́ ìbí padà lórí BVN, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni a fẹ́. Gbogbo àwọn tó jókòó sí báńkì tiwa kò rí i sọ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ bi í pé, "Èyí tí bàbá mi kọ sẹ́yìn Bíbélì ńkọ́?" Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ìyẹn wà láàárín Màmá àti Ọlọ́run. Báyìí, irọ́ ló wà lórí méjèèjì, wọ́n bára mu rẹ́gírẹ́gí, báńkì sì dunnú. Ìyá náà ti ní kí n máa retí ìrẹsì ọjọ́ ìbí òun ní ọdún tuntun.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ irú ètò yìí, ẹ wo ìwé àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí owó kí ẹ tó kọ orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Sílíìpù NIN yóò fi ọjọ́ ìbí hàn. *565*0# yóò gbé nọ́ńbà BVN jáde, àmọ́ kò ní sọ ọjọ́ ìbí. Báńkì tí onítọ̀hún ń lò ni kó bá yín wò ó. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ bèèrè èyí tí yóò dínwó láti yí nínú méjèèjì kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ẹ ṣí àkáǹtì kí ẹ tó pe bíríkìlà wá ka búlọ́ọ̀kù, torí owó tí wọ́n bá dá fún yín kì í pẹ́ yí. Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ni kí ẹ máa yàn, torí ìwé wọn mọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ní ìgbìmọ̀ tí báńkì fẹ́ràn tí ọlọ́jà kankan kò sì mọ̀.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti parí. Mo wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo fi èjìká tì í, kí n tó fọwọ́ sí owó kápẹ́ńtà. Rìsíìtì ló kù. Awakọ̀ tó gbé yanrìn kò ní rìsíìtì, kò sì ní in rí láyé rẹ̀, ọ́fíìsì sì ní àwọn kò lè gba ìròyìn owó tí kò ní rìsíìtì. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ̀kan, awakọ̀ tẹ̀ka sí i, wọ́n ṣì ń wò ó.

Ètò ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀. Bàbá alága ti ń sọ̀rọ̀ ọgbà. Tábìlì àwọn JSS1 ni èmi fẹ́, mo sì ti ní kí hẹ́ẹ̀dì gẹ́ẹ̀lì tuntun lọ ka iye ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ìpàdé tó pé.