Kí ọkọ̀ wọn afẹ́fẹ́ ni, àbí kó ṣírò rẹ̀? Bí a ṣe ń yan MAF tàbí speed-density

Grámù epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ grámù 14.7 kó tó lè jó tán láìṣẹ́kù. Ti epo kò le, nítorí ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ló ń ṣí nọ́súlù tó ń tú epo fúnra rẹ̀, ó sì mọ bí ó ṣe pẹ́ tó tí ó fi ṣí i. Afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ń wọlé, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ iye tó wọlé kó tó mọ iye epo tí yóò tú sí i.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọkọ̀ ń gbà mọ̀ ọ́n. Èkíní ni MAF, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan wà lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, iná mànàmáná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá sì ń tù ú. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ sí i ni wáyà náà ń gba iná sí i kó má bàa tutù, láti ara iná yẹn ni ọkọ̀ sì ti ń ka iye grámù afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni speed-density. Èyí kò wọn afẹ́fẹ́ rárá, ìṣirò ló ń ṣe. Ó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó, ó ń ka ìfúnpá inú mánífóòdù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà) láti ara sẹ́ńsọ̀ MAP, ó ń ka ìgbóná afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wo inú àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní VE, tó ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí sìlíńdà ń kún ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀nà méjèèjì ti ń bá ara wọn rìn. D-Jetronic, ètò ìtú epo tí ilé iṣẹ́ Bosch gbé jáde ní 1967 lára Volkswagen 1600, ìfúnpá ló ń kà. D yẹn dúró fún Druck, ìfúnpá lédè Jámánì. L-Jetronic tó tẹ̀ lé e ń wọn afẹ́fẹ́, L rẹ̀ sì dúró fún Luft, afẹ́fẹ́. Títí di òní, ìbéèrè tó ń darí yíyàn kò yí padà: kí ni ẹ máa fọwọ́ kàn lára ẹ́ńjìnnì yìí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un tán, ta ni yóò sì tún nọ́ńbà inú rẹ̀ kọ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án?

Ohun tí Mustang fi kọ́ni

Ford lo ọ̀nà méjèèjì lára ẹ́ńjìnnì V8 kan náà, ìyẹn ti Mustang 5.0. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1986, speed-density ni. Ó ń lọ dáadáa bí ẹnikẹ́ni kò bá yí nǹkan kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ra Mustang ní Amẹ́ríkà, torí àtiyí i padà ni wọ́n ṣe rà á. Wọ́n á yọ camshaft ilé iṣẹ́, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi èyí tó ń jẹ́ kí fáàfù ṣí pẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, fákúùmù (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́) yóò dín kù ní sìlóò, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ẹsẹ̀, ìfúnpá mánífóòdù yóò ga. Kọ̀ǹpútà yóò rò pé awakọ̀ ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì máa tú epo tí ẹ́ńjìnnì kò béèrè. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n ní sìlóò, á sì máa kú ní oríta.

Ní 1988, àwọn Mustang 5.0 tí wọ́n tà ní California gba MAF. Ní 1989, gbogbo wọn gbà á. Camshaft kan náà tó ń da ti 1986 láàmú kò fi bẹ́ẹ̀ da ti 1989 láàmú, nítorí grámù afẹ́fẹ́ tó wọlé gan-an ni MAF ń kà. Àwọn tó ní ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá A9L, kọ̀ǹpútà Mustang tó ń lo MAF, pẹ̀lú MAF àti wáyà rẹ̀, wọ́n ń gbé e sára ọkọ̀ wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìtàn yìí, wọ́n sì pinnu pé speed-density kò dára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àtẹ VE inú kọ̀ǹpútà yẹn kò bá camshaft tuntun mu mọ́, àwọn tó ní ọkọ̀ kò sì lè ṣí i nígbà náà láti tún un kọ. Lónìí, ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ọpọlọ ọkọ̀ tó ṣeé ṣí yóò tún un kọ láàárín ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà lára ọkọ̀ yín

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ páìpù tó jáde láti ilé àsẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sí throttle, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà lára páìpù yẹn tàbí lára ilé àsẹ́ náà, tí wáyà tó wọ ìdí rẹ̀ tó márùn-ún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, MAF ni. Bí sẹ́ńsọ̀ kékeré oníwáyà mẹ́ta bá jókòó sórí mánífóòdù, tàbí tí rọ́bà fákúùmù so ó mọ́ mánífóòdù, MAP ni. Toyota Corolla 2003 sí 2008 tó kún títì Èkó, MAF ló ń lò. Honda Civic 1996 sí 2000, MAP. Ọkọ̀ mìíràn ní méjèèjì, ó sì ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

Lẹ́yìn náà ẹ so scanner, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, MAP gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 100 kPa (ìwọ̀n ìfúnpá) hàn ní Èkó tó wà létí òkun. Ní Jos tó ga, yóò sún mọ́ 88. Bí ẹ bá tan ọkọ̀, tó ti gbóná dáadáa, MAP ẹ́ńjìnnì tó lera máa ń wà láàárín 30 sí 40 kPa ní sìlóò. Ní ti MAF, ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 máa ń ka nǹkan bíi grámù 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo àìsàn rẹ̀ sàn kí ẹ tó yan nǹkan kan

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí dáadáa, nítorí ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n yọ MAF rẹ̀ dànù, rọ́bà tó bẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí wáyà MAF tí eruku ọyẹ́ ti bò. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra MAF tuntun rí fún ọkọ̀ kan tó jẹ́ pé rọ́bà lẹ́yìn MAF rẹ̀ ló ya lábẹ́, níbi tí ojú kò tó.

Ẹ wo fuel trim lórí scanner, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí yọ kúrò. Bí ó bá wà láàárín -10 sí +10, ara rẹ̀ kò burú. Bí ó bá ga ní sìlóò, tó sì ń bọ̀ sípò bí ẹ bá gbé eré ẹ́ńjìnnì sí yíyí 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jí wọlé. Bí ó bá dára ní sìlóò ṣùgbọ́n tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ MAF tó dọ̀tí tàbí pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀.

Oògùn tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo ti kabúrétọ̀, ẹ má sì fi ọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ kan wáyà náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Bí àsẹ́ yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi òróró rẹ, ẹ ṣọ́ra, nítorí òróró tó pọ̀ jù máa ń lọ lẹ̀ mọ́ wáyà yẹn.

Jíjò afẹ́fẹ́ ló tilẹ̀ ń fi ìwà ọ̀nà méjèèjì hàn jù. Afẹ́fẹ́ tó bá jí wọlé lẹ́yìn MAF, MAF kò rí i, epo kò ní tó, ọkọ̀ á máa já. Jíjò yẹn kan náà lára ọkọ̀ speed-density yóò gbé ìfúnpá mánífóòdù sókè, kọ̀ǹpútà yóò fi epo kún un, sìlóò yóò kàn ga ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sínú ìwé

Àsẹ́ tuntun, sàlẹ́ńsà tó fẹ̀, camshaft tí kò le jù (tí kò jẹ́ kí fáàfù ṣí pẹ́ jù): ẹ fi MAF sílẹ̀. Yóò rí ìyípadà náà, yóò sì fi epo bá a lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àfi bí ilé iṣẹ́ bá ti ṣe é ní speed-density. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà.

Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń mú kí èèyàn ronú lẹ́ẹ̀mejì. MAF fẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ti kọjá lójú rẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Bí fáàfù tọ́bò yín bá ń tú afẹ́fẹ́ síta pẹ̀lú ariwo “pùṣẹ̀ẹ̀” tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, afẹ́fẹ́ tí MAF ti kà ló sọnù yẹn. Epo á pọ̀ jù, ọkọ̀ á kọsẹ̀, nígbà mìíràn á kú. Ẹ dá afẹ́fẹ́ náà padà sínú páìpù lẹ́yìn MAF, tàbí kí ẹ lọ sí speed-density, tí èyí kò kàn rárá. Páìpù intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) tó bá fò lójú ọ̀nà náà ń dá ọkọ̀ MAF dúró, nígbà tí ti speed-density sábà máa ń lè rọra wọ́ dé ilé.

Bí camshaft bá le gan-an, afẹ́fẹ́ máa ń padà sẹ́yìn nínú páìpù, MAF tó bá sún mọ́ throttle lè ka afẹ́fẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń rọrùn sí i pẹ̀lú speed-density tí wọ́n bá fara balẹ̀ kọ àtẹ rẹ̀. Bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan bá sì ní throttle tirẹ̀, MAF kò ní ibi tí yóò jókòó sí, MAP náà kò sì ní rí fákúùmù tó dúró. Igun throttle ni wọ́n máa ń kà nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò bóyá sẹ́ńsọ̀ náà lè gbé e

Agbára ẹṣin kan ń fẹ́ nǹkan bíi grámù afẹ́fẹ́ 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó ń wá agbára ẹṣin 300 yóò nílò MAF tó lè ka 240, kó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Bí fóòtì iná tó fi ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà bá ti kan 5, kò lè kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, epo dúró sójú kan, ibẹ̀ sì ni písítíìnì ti ń yọ́. Ní ti MAP, tọ́bò tó ń fi bar 1 tì kọjá ti ojú ọjọ́ yóò dé 200 kPa, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ 2.5 tàbí 3 bar ni kí ẹ rà.

Ẹ wo bí ìṣirò speed-density ṣe ń lọ. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 ń yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, MAP jẹ́ 100 kPa, ìgbóná afẹ́fẹ́ jẹ́ dígírì 40, VE jẹ́ 85. Ní ìgbóná yẹn, lítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó grámù 1.11. Yíyí méjì ni ẹ́ńjìnnì fi ń fa lítà 2.0 yẹn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ní ìṣẹ́jú kan yóò fa lítà 3000. Ìdá 85 rẹ̀ jẹ́ 2550. Èyí jẹ́ nǹkan bíi grámù 47 ní ìṣẹ́jú àáyá, epo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi grámù 3.2. Bí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná bá wà lára irin mánífóòdù, tó gbóná dé dígírì 60 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà ní 40, kọ̀ǹpútà yóò fi epo dín ìdá 6 láìnídìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tí sẹ́ńsọ̀ ìgbóná yóò wà: nínú páìpù, lẹ́yìn intercooler bí tọ́bò bá wà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí MAF lẹ bá yàn

Ẹ fi í síbi tí páìpù ti tọ́, kó jìnnà sí kọ́nà. Ẹ má ṣe yí ìwọ̀n páìpù tó gbé e padà láìsọ fún kọ̀ǹpútà: wáyà kan náà nínú páìpù tó fẹ̀ yóò ka afẹ́fẹ́ tó kéré sí ohun tó wọlé. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ fi wé ti tiyín. MAF méjì lè jọ bí ìbejì kí kíkà wọn má dọ́gba.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí speed-density lẹ bá yàn

Rọ́bà MAP gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kó jáde láti inú mánífóòdù lẹ́yìn throttle. Ẹ so sẹ́ńsọ̀ wideband mọ́ sàlẹ́ńsà, èyí tó ń ka lambda (1.00 ni afẹ́fẹ́ àti epo ṣe déédéé, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ epo kò tó); láìsí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ sìlóò, lẹ́yìn náà ìrìn jẹ́jẹ́, kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, ẹ fi lambda tí ẹ rí pín pẹ̀lú èyí tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ sọ VE àtijọ́ di púpọ̀. Bí VE bá jẹ́ 60, tí ẹ rí 1.08, tí ẹ sì fẹ́ 1.00, VE tuntun jẹ́ 64.8.

Ìrìn jẹ́jẹ́ ń fẹ́ lambda 1.00. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìsí tọ́bò, nǹkan bíi 0.87 dára; pẹ̀lú tọ́bò, nǹkan bíi 0.80. Ní apá tọ́bò, ẹ fi VE sí gíga jù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Epo tó pọ̀ díẹ̀ ń sọ agbára nù ni, èyí tí kò tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ tan ọkọ̀ náà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tó ti tutù, kí ẹ tún tan án ní ọ̀sán lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ ti pa á sínú oòrùn. Bí lambda bá dúró sójú kan ní ìgbà méjèèjì, àtẹ ìgbóná yín, èyí tó ń yí epo padà bí ìgbóná afẹ́fẹ́ ṣe rí, dára. Bí kò bá dúró, àtẹ ìgbóná ni kí ẹ tún kọ. Ẹ má fọwọ́ kan VE.